Èmi Kò Ní Jókòó Sórí Àga Onítáyà Yẹn

                                        Ilé Alájà Méjì
                                        Tí Èmi Fúnra Mi Kọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ níjọ́sí? Èmi wà láàyè, mò ń jẹ, mò ń bínú. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ mi ti pè ọ́ lórí fóònù pé kí o wá bá mi sọ̀rọ̀, kí n lè gbà láti jókòó sórí àga onítáyà. Kí o tó wọkọ̀, gbọ́ tẹnu mi.

O mọ ẹni tí mo jẹ́. Kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tí mo gbé ṣọ́bìrì. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì ni mò ń gbé gun àkàbà lẹ́ẹ̀kan náà. Lónìí, àwọn tó kàwé ló ń gbé inú ilé tí mo kọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá rí itan mi báyìí, wàá tutọ́. Awọ rẹ̀ rọ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì tó ti ṣófo. Kí n wẹ̀ pàápàá ń rí mi lára.

Ọdún kan àbọ̀ rèé tí kíndìnrín mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí mo ti ń lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá gbé mi sórí ìwọ̀n tí kílò mi ò yẹ̀, àkọ́bí mi á pàtẹ́wọ́: "Bàbá ò rù!" Èmi náà á máa fi yangàn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi, ihò dúró síbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, omi ló ń gba ipò ẹran ara yín." Ó ní kí n ká ọwọ́ sí àyà, kí n dìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo rẹ́rìn-ín. Mo dìde lẹ́ẹ̀kan, mo dìde lẹ́ẹ̀kejì. Ìkẹta, mo ṣubú padà sórí àga gbì! Àkọ́bí mi ti fò wá dì mí mú lábíyá. Nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ ọn: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Gbígbé tí ẹ ń gbé wọn yìí ló ń jẹ ẹsẹ̀ wọn."

Ìyá tíṣà kan tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, tí a jọ ń fọ ẹ̀jẹ̀, dìde fúnra rẹ̀, ó gbé báàgì kọ́pá, ó ní, "Bàbá Bíríkìlà, ṣé lóòótọ́ lẹ kọ́lé rí, àbí ẹ kàn dúró tì í?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Ṣíọ̀! Ìwà àwọn ará ilé mi ló wá ń kó mi nírìíra jù. Bí mo bá nawọ́ sí ife, "Bàbá, ẹ jókòó." Bí mo bá fẹ́ gòkè lọ sí yàrá mi, "Bàbá, ẹ jókòó." Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì mi wá sísàlẹ̀, bí ẹni pé àtẹ̀gùn tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ fẹ́ gé mi jẹ. Búrẹ́dì àti tíì ni ìyàwó mi ń gbé fún mi, torí dókítà ti sọ nígbà kan, kí n tó bọ́ sídìí ẹ̀rọ, pé kí n dín ẹran kù. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn ti yí padà, pé ẹ̀rọ náà ń fa ohun tó dára jáde lára, kí n máa jẹ ẹyin àti ẹja. Ìyàwó mi ní ọmọ kékeré ni nọ́ọ̀sì, kí ló mọ̀? Ìfẹ́ àfẹ́jù ló mú ewúrẹ́ bá ọkọ rẹ̀ hu irùngbọ̀n.

Láàárọ̀ yìí, mo tilẹ̀kùn mọ́ra, mo dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkẹrin kọ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bí àkàbà tí wọn ò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó rí mi lára, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Máa bọ̀, ṣùgbọ́n má ṣe bá wọn gbé ọ̀rọ̀ àga wá. Ẹyin ni kí o rà dání. Bí o bá wọlé, n óò fẹ́ dìde kí ọ. Má sáré wá, má nawọ́ sí mi. Ó lè pẹ́ díẹ̀. Dúró síbẹ̀, kí o máa wò mí.

                                        Èmi ni ọmọ ìyá rẹ,
                                        Ọ̀gá Bíríkìlà.