Oṣù Mẹ́ta Láàárín Ọmọ Méjì

Uncle olóòtú ètò rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Thamesmead nílùú òyìnbó níbí ni mò ń gbé. Obìnrin yunifásítì kan wá ṣe ìwádìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n á ṣe máa ran ìdílé lọ́wọ́. Ó béèrè iye ọmọ tí mo bí àti ọjọ́ ìbí wọn. Mo ní mẹ́rin. Àbúrò mi tó kú ló bí Ìyèbíyè tí mo kà mọ́ wọn, èmi ni ọmọ náà ń pè ní Mummy láti kékeré, kò mọ ìyá míì; ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ń ya ọmọ òrukàn sọ́tọ̀ ni?

Lẹ́tà obìnrin náà dé lánàá. Ìyèbíyè ló kà á fún mi, bó ṣe máa ń ka gbogbo lẹ́tà òyìnbó fún mi: oṣù mẹ́ta péré ló wà láàárín ọjọ́ ìbí Lọ́lá ọmọ mi àti tiẹ̀. Obìnrin náà ń bọ̀ wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyèbíyè rọra ká ìwé náà.

Láàárọ̀ yìí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Auntie."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́, kí ni kí n dá a lóhùn?