Ìkúnlẹ̀ Màmá Níwájú Fóònù

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn jù,

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti kọ̀wé sí yín. Ẹ má bínú, ìròyìn burúkú ni mo mú wá. Bọ̀dá Délé, àkọ́bí yín, ti sọ Màmá di ìran wíwò.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wá bá wa ní Jakande pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan àti obìnrin kan tó ń fi fóònù ya fídíò. Inú Màmá dùn, wọ́n fẹ́ lọ wá oúnjẹ fún un. Ó ní kí wọ́n dúró.

"Màmá, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, káwọn tó ń wò mí lè rí i."

Màmá rò pé àwàdà ni. Nígbà tó yá, wọ́n di àga mú, wọ́n kúnlẹ̀ tìrora-tìrora. Bàbá, ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ! Aláìnítìjú yẹn gbọ́wọ́ lé wọn lórí, ó ń súre bíi wòlíì. Obìnrin yẹn tún ní ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀ tó, kí wọ́n tún un ṣe.

Ìgbà yẹn ni mo gbé Màmá dìde, mo lé àwọn méjèèjì jáde tìrẹsì-tìrẹsì. Bọ̀dá ní ìlara ló ń dà mí láàmú. Ìlara kí ni?

Síbẹ̀, ó gbé fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí gbogbo wa ti wọ aṣọ funfun bí ẹni mímọ́, wọ́n pè é síwájú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Irú èèyàn wo la wá dà?

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé ẹja lọ fún ìyá afọ́jú àdúgbò wa tí ẹ bá ti ọ̀sà dé. Ẹ ò jẹ́ ká sọ fún ẹnikẹ́ni. Lóde òní, wọn á ní ẹ ò lajú.

Èmi náà jẹ̀bi. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Kí ló dì mí lẹ́nu?

Lánàá, Bọ̀dá pè pé òun fẹ́ wá ya fídíò mìíràn. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Délé, ìwọ nìkan ni kó o wá. Tó o bá dé, wàá dọ̀bálẹ̀ kí mi."

Títí di ìsinsìnyí, kò tíì yọjú.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń tọ́jú ìyàwó yín.