Gèlè Tí Mo Wé fún Fọ́tò Ọ̀fun Mi

Ọdúnayọ̀ ọmọ mi,

Tí o bá ti jáde lọ sí ilé-iṣẹ́ yín láàárọ̀, mo máa ń bu omi sí ife dé ìdajì, n óò ki sítírọ́ọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń mu mínírà bọ̀ ọ́, n óò pa ètè dé e, n óò wá máa kùn sínú omi náà bí oyin tó há sínú akèǹgbè. Omi a máa hó láìsí iná. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni Damaris, ọmọ tó ń kọ́ mi ní ohùn ní ọsibítù Ìkẹjà, ní kí n máa fi ṣe é. Tí mo bá parí, n óò gbé omi náà sójú fèrèsé, n óò wò ó bóyá kókó méjèèjì tó wà lọ́fun mi ti bọ́ sínú rẹ̀. Wọn ò tíì bọ́. Ẹ̀yìn ọgbà ni mo máa ń dà á sí, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà tẹ̀ ẹ́.

Mo kí ọ o, ọmọ tó gbé ìyá rẹ̀ wá wo ọ̀fun. Omi tí o bá mu kò ní há ọ. Yàrá kan náà la jọ ń sùn ní Oko Ọba yìí, ṣùgbọ́n torí pé wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà sí ọ bí ẹni pé mo ṣì wà lábúlé.

Ìwọ wà níta nídìí káàdì lọ́jọ́ tí dókítà ya fọ́tò ọ̀fun mi. Gèlè ọdún Àjíǹde mi ni mo wé fún un, n kò mọ̀ pé ihò imú ni wọ́n máa gbà ti kámẹ́rà wọlé. Mo rí ọ̀fun mi nínú tẹlifíṣọ̀n: okùn funfun méjì tó ń pàtẹ́wọ́, kókó kékeré kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọjú síra wọn bí orogún. Dókítà ní kì í ṣe àìsàn burúkú, ó ní bí ọwọ́ àgbẹ̀ ṣe ń le nítorí ọkọ́ ni ọ̀fun mi ṣe le, nítorí ọdún méjìdínlógún tí mo fi pariwo borí ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ gbágùúdá. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ abẹ, ìsinmi ni, àti omi mímu, àti kí n kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní n kò tiẹ̀ gbọdọ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìkíni ló le jù. Onílé wa, Alhaja Shukurat, kí mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo kúnlẹ̀, n kò dáhùn. Wọ́n ní ṣé ìyá ará oko yìí rò pé àwọn làwọn gba ohùn òun ni. Mo sáré kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ káàárọ̀ mà, ọ̀fun mi ló ń sinmi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n rán ọkọ àwọn lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ mi láti dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ wá fún mi, n kò tún dá nìkan jókòó mọ́.

Láolú àbúrò mi ní wọ́n ti so agogo mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ nílé. Ẹ̀ẹ̀kan, kí wọ́n da gbágùúdá sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó ń pariwo mọ́, àfi pé ajá wa kì í fẹ́ jẹun, ohùn mi ló ń retí.

Èmi náà ń retí rẹ̀. Ohun tí n kò sọ fún dókítà ni pé ẹ̀rù ń bà mí kí ohùn tó máa padà má lọ jẹ́ ti ẹlòmíì. Ohùn mi àtijọ́ ni mo fi ń kì ọ́ láràárọ̀ kí o tó wá sí Èkó.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ sábẹ́ ife, mo fẹ́ kí wọ́n fọ fọ́tò ọ̀fun náà ní ńlá, kí n gbé e kọ́ ògiri nílé. Gbogbo ohun tí o ná lórí mi, Ọlọ́run yóò fi ọmọ tó ń gbọ́ràn dá a padà fún ọ.

Damaris ní láti ọ̀la, mo lè sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, jẹ́jẹ́. Má tètè jáde. Kí n tó kí Alhaja, n óò mu omi, n óò jókòó sétí ibùsùn rẹ, n óò sì pè ọ́ ní Àwẹ̀ró.

Ìyá rẹ ni.