Èédú Lójú Ilà

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, 2008. Ìgbògbò.

Màámi, ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ kẹta rèé tí dókítà Ìkẹjà fi iná lésà pa ilà ojú mi rẹ́. Ó ní fasilíìnì nìkan ni kí n máa fi pa á. Lọ́sàn-án yìí Ìyá onílé rí i bó ṣe pọ́n. Wọ́n ní kí n dijú. Àgbà ni wọ́n, mo dijú.

Èédú lílọ̀ ni wọ́n fi kùn ún!

"Ohun tá a fi ń wo ilà tútù nìyẹn. Àbí ìwọ fẹ́ gbọ́n ju àwa tá a kọlà ṣáájú rẹ?"

Mo pe nọ́ọ̀sì dókítà náà. Ó ní, "Áńtì, ẹ má họ ọ́ o! Èédú lè wọ awọ, kó dúró síbẹ̀ títí ayé. Ẹ rọra fi omi sísè tó ti tutù fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá láàárọ̀ ọ̀la kí dókítà yọ èyí tó bá kù."

Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ti ọ̀tún mọ́. Ti òsì ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ìyá onílé ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà, "Ṣé pípọ́n ọ̀hún ń lọ?"

"Ó ń lọ, mà."

Èédú ni kò lọ.

Ẹ ní ẹ̀yin lẹ di orí mi mú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ilà náà. Ta ni yóò dì í mú lọ́la?