Ọmọbìnrin Tí Kò Kí Àwọn Òkú Ilé Rẹ̀

Bàámi àtàtà,

Mo kí yín láàárọ̀ yìí bí mo ṣe ń kí yín lójoojúmọ́ tí mo bá ń jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá yín níbi tí a sin yín sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ju ìkíni lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Wọ́n ní ká ka ìwé ìtàn kan ní kíláàsì lítíréṣọ̀ ní yunifásítì. Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ló kọ ọ́, wọ́n sì dìídì kọ ọ́ láti fi dẹ́rù bani ni. Ọmọbìnrin kan gbé àbẹ́là, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilé ńlá wọn tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́, níbi tí wọ́n sin àwọn baba ńlá rẹ̀ sí. Bó ṣe rí sàréè wọn báyìí, ó dákú.

Bàámi, kí ló ń dákú fún? Ṣé kì í ṣe èèyàn rẹ̀ ni? Ohun tí mo kọ sínú iṣẹ́ tí wọ́n fún wa nìyẹn, pé ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́, kò kí àgbà. Àwa ọmọ Ìwó tó wà ní kíláàsì, ẹ̀rù ò ba ẹnì kankan nínú wa. Orí sàréè bàbá-bàbá rẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa máa ń jókòó sí tó bá ń ka kéú. Olùkọ́ wa kì í ṣe ará ibí. Wọ́n fi bírò pupa fagi lé gbogbo rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ wá ibi tí ẹ̀rù wà nínú ìtàn náà, kí n tún un kọ.

Mo wá a títí. Ká ní ẹ wà ni, ẹ̀ bá ti ní kí n kà á sókè. Ṣé ẹ rántí? Ẹ óò máa bó ọsàn, èmi óò máa ka òyìnbó tí ẹ kò gbọ́, n óò sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ohun tó máa ń jẹ yín lógún kò ju bóyá àwọn èèyàn inú ìwé ti jẹun lọ. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí gan-an, Bàámi.

Lánàá ni Bọ̀ọ̀dá, àkọ́bí yín, gbé kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sọ́nà Olúpọ̀nnà wá fún Màmá. Wọ́n ní gbogbo wa là ń kó lọ, ilé yìí yóò wà ní títì pa. Inú Màmá ń dùn, wọ́n sì ń sunkún. Mo wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yín, àyà mi já. Ta ni yóò máa kí yín? Ta ni yóò máa gbá ewé kúrò lórí yín?

Ìgbà náà ni ohun tí olùkọ́ wa ní kí n lọ wá tó yé mi. Ilé inú ìwé yẹn ń bani lẹ́rù torí pé àwọn òkú nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo ti tún iṣẹ́ náà kọ, mo ti fún olùkọ́ wa. Mo sì ti kúnlẹ̀ bẹ Bọ̀ọ̀dá àti Màmá pé kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n fi èmi sílẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń di ẹrù lónìí, èmi gbé ẹní mi wọ yàrá yín.

Kí Ọlọ́run fi aljánnà kẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín kọjá ohun tí bírò lè kọ.