Fídíò Ààlà Kọ́bapẹ́ Tí Kọ̀ǹpútà Bàbá Kò Lè Gbé

                                        Agboolé Alájì Yékínnì,
                                        Igbein, Abẹ́òkúta.
                                        Ọjọ́ Jímọ̀, 14 oṣù Kejì, 2025.

Adégbóyèga, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú iṣẹ́, o kú wàhálà ọ̀nà Èkó tí ò ń bá yí lójoojúmọ́. Àràmídé ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń lọ sílé ìwé dáadáa? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ìyá mi ṣì ń ṣe opó Bàbá, ó ku bí oṣù méjì kí wọ́n tó lè jáde nílé. Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, èmi tí kì í kọ ju orúkọ mi lọ. Fóònù mi ti di àwátì láti ọjọ́ Alárùbá, nínú ilé yìí náà, nọ́ńbà rẹ ò sí lórí mi, kò sì sí lọ́wọ́ àbúrò mi náà. Christianah, tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, tó ń kọ́ni ní Owódé, ló máa mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ oko Kọ́bapẹ́ ni. O rántí pé àìsàn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn Bàbá kí wọ́n tó kú. Nígbà tí wọ́n rí i pé àsìkò ti ń tó, wọ́n fọwọ́ júwe pé ká gbé àwọn lọ sóko. Èmi ni mo dì wọ́n mú, Yasir àbúrò mi sì ń fi fóònù rẹ̀ tuntun ya fídíò wọn. Pẹ̀rẹ̀gún méje ni bàbá àgbà gbìn sáàárín oko Bàbá àti ti àbúrò wọn, Abdulkabir. Bàbá fi ọ̀pá kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àkọ́kọ́ dé ìkeje. Wọn ò lè sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dún nínú fídíò náà. Ohun tí ojú bá rí níbẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí tí a ní.

Ní báyìí, Abdulkabir ní orí ìkẹta ni ààlà parí sí, pé láti ibẹ̀ lọ, tòun ni. Ẹ̀kọ́ ilé ní kí n máa pè é ní “wọ́n”, mi ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Apá ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi ń tà wà. Bó bá lọ, kí ni wọ́n fẹ́ máa jẹ?

Àwọn àgbà ẹbí jókòó ní Sọ́ńdè tó kọjá. Wọ́n ní ojú àwọn ò ríran nínú fóònù, ká gbé e sínú tẹlifíṣọ̀n. Mo bá gbé fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà Bàbá, èyí tí wọ́n rà kí n tó gbéyàwó, mo sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bàbá rìn dé pẹ̀rẹ̀gún kẹta, àwòrán dúró sójú kan. Ẹsẹ̀ kan wà lókè, ọ̀pá wà lókè, afẹ́fẹ́ ṣì ń dún lọ. Fáànù kọ̀ǹpútà ń ké bí ẹni tó ń kú lọ. Nígbà tí àwòrán máa tún mira, Bàbá ti wà létí títì. Kò sẹ́ni tó rí ìkẹrin dé ìkeje. Abdulkabir wá ní, “Ẹ ò rí i fúnra yín? Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí nìyẹn.” Àwọn àgbà ń mi orí. Wọ́n ní ká tún pàdé ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, fún ìgbà ìkẹyìn.

Rodiat tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́ ló là mí lóye. Ó ní fóònù tuntun ní ọgbọ́n kan tó fi ń di àwòrán kó lè kéré, kódẹ̀ẹ̀kì ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹrù tí wọ́n dì báyẹn. Kó tó tú ọ̀kan tán, mẹ́wàá ti kọjá, ló bá fò wọ́n. Ohùn ò wúwo ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi dúró. Ó ní kí n gbé e wá, òun á tún un dì lọ́nà tí kọ̀ǹpútà Bàbá mọ̀, ṣùgbọ́n ó máa gba odindi ọjọ́ kan. Èmi oníwàdùwàdù, mo ní mo lè ṣe é fúnra mi. Mo yan èyí tó yá jù, tó kéré jù, mo sì ní kó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ torí kọ̀ǹpútà ti kún. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, kí ni mo fi ṣe? Fídíò ń lọ geere báyìí o. Àmọ́, Adé, pẹ̀rẹ̀gún ti pòórá! Gbogbo rẹ̀ ti di ewé kan náà, bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n rò jù. Bàbá ń fi ọ̀pá kan òfìfo. Yasir sì ti nu tirẹ̀ kúrò lórí fóònù, ó ní ṣebí ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà.

Lánàá, Alámísì, mo gba fóònù Yasir, mo lọ sí Kọ́bapẹ́ pé kí n ya òmíràn. Ìkẹrin dé ìkeje, wọ́n ti hú gbogbo wọn. Wọ́n fi ewé bo ojú ihò, iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù. Obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì ò fẹ́ wo ojú mi. Ó kàn ní, “Ẹ máa lọ sílé, bọ̀dá. Ẹ má pẹ́ níbí.” Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò parọ́ fún ọ.

Ìwọ nìkan ló kù. Lọ́jọ́ fídáù, o gbà á láti orí fóònù Yasir, o ní o fẹ́ máa wo ìrìn Bàbá. Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́, má nù ún. Má fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ṣe ló máa tún fún un pọ̀. Bí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín bá ń dúró lórí rẹ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣàárẹ̀, kì í ṣe fídíò. Gbé fóònù náà wá fúnra rẹ ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Rodiat ní okùn tí a ó fi so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ǹ bá wá bá ọ, ṣùgbọ́n mi ò tún jẹ́ dá ìyá mi dá ilé yìí mọ́.

Bá mi kí Àràmídé, bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Yasir ń kí yín, ìyá mi náà ń kí yín.

Ohun tí ẹnu mi ò fẹ́ sọ rèé. Nígbà tí mo wà ní Kọ́bapẹ́ lánàá, Abdulkabir wọlé lọ kí ìyá mi. Ó gbé mílíìkì àti ṣúgà dání, ó rọra béèrè bóyá fídíò yẹn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyá mi, tí wọn ò fura sí nǹkan kan, dárúkọ rẹ. Wọ́n júwe ilé rẹ fún un títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúpẹ́, ó jáde. Láti ìgbà náà, kò tíì padà sí yàrá rẹ̀ nínú agboolé yìí.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà,
                                        Sàlàhúdíìnì.