Fọ́ọ̀mù Tí O Ní Kí N Fọwọ́ Sí

Àkọ́bí mi obìnrin,

Mo kí ọ o, mo kí ọ títí, n kò sì tíì kí ọ tán. O kú iṣẹ́, o kú wàhálà ìlú ńlá, o kú àìrójú. Ẹni tó dá ọ kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ara èmi àti ìyá rẹ le koko, àyàfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, ìyá rẹ sì ní ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé ni orúnkún tirẹ̀ wá ń ké. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, òrùlé wa ò jò, adìẹ ìyá rẹ pa ọmọ mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ló sì wà láàyè.

A rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Tíṣà, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìntì. A rí i pé o jókòó sínú yàrá ńlá, ìwé wà níwájú rẹ, gbogbo yín wọ kóòtù bí ẹni pé òtútù ń mú yín. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ sára páálí tí wọ́n so ó mọ́ ọ lọ́rùn? Ṣé wọ́n rò pé o lè sọnù ni? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ tèmi náà sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó bá rí ọ lè mọ ilé tó máa mú ọ wá.

Tíṣà ní ẹ̀kọ́ owó oṣù ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀, àti owó ìfẹ̀yìntì, àti àjẹmọ́nú òṣìṣẹ́. Ẹnu yà mí. Mo ní ṣé ọmọ mi ò ti ń gba owó oṣù láti ọdún mẹ́fà ni, kí ló tún kù tó fẹ́ kọ́? Tíṣà ní sísan ni wọ́n ń kọ́ yín, kì í ṣe gbígbà. Ó là mí lọ́yẹ̀ pé wọ́n máa ń yọ díẹ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣooṣù, wọn a tọ́jú rẹ̀ dè é di ọjọ́ ogbó, pé tòun náà lòun ń gbà báyìí. Àṣé bẹ́ẹ̀ ni! Gbogbo ọdún yìí, mo rò pé Tíṣà ṣì ní ilé ìwé kan tó ti ń yọ́ lọ kọ́ni lẹ́yìn wa ni, mo sì ti ń bínú sí i pé kò fẹ́ ká mọ ibẹ̀.

Ó tún ní wọ́n ń fún bàbá ọmọ tuntun ní ìsinmi, wọ́n á sì sanwó fún un. Mo rẹ́rìn-ín títí. Kí ni bàbá fẹ́ máa ṣe nílé, ṣé òun ló fẹ́ fún ọmọ lọ́mú ni? Ọjọ́ tí a bí ọ, orí òrùlé onílé ni mo wà, wọ́n pariwo láti ìsàlẹ̀ pé ìyàwó mi ti bí, mo sì kan pákó méjì sí i kí n tó sọ̀kalẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ pákó méjì yẹn ti ń dùn mí. Ká ní ẹnì kan sanwó fún mi lọ́jọ́ náà ni, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé ọ.

Ó dáa, kí n wá bọ́ sórí ohun tó mú mi kọ lẹ́tà. Fọ́ọ̀mù méjì tó jọra tí o fi ránṣẹ́ dé, pẹ̀lú ìwé pélébé tí o kọ pé wọ́n ní kí oníkálukú yín kọ́kọ́ tún fáìlì tirẹ̀ ṣe kó tó lọ máa tún ti ẹlòmíràn ṣe, pé bí fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí kò bá dé kó tó di Fúráìdé, wọn ò ní fún ọ ní ìwé ẹ̀rí. Inú mi dùn, mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ bàbá tó bí ọ ni. Mo tilẹ̀ wọ ẹ̀wù tó mọ́. Ni Tíṣà bá túmọ̀ òyìnbó inú rẹ̀ fún mi: ẹni tí wọn óò san owó fún bí òṣìṣẹ́ yìí bá kú. Orúkọ mi lo kọ síbẹ̀.

Ọmọ yìí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣé bàbá ló ń sin ọmọ ni, àbí ọmọ ló ń sin bàbá? Mo gba bírò lọ́wọ́ Tíṣà. Mo pa orúkọ rẹ rẹ́ níbi tí wọ́n kọ òṣìṣẹ́ sí, mo kọ tèmi. Mo pa tèmi rẹ́ níbi ẹni tó máa gbowó, mo kọ tìrẹ, kí ọ̀rọ̀ lè padà sí bó ṣe yẹ. Níbi tí wọ́n ti béèrè ibi iṣẹ́, mo kọ ọ́ pé ẹ̀gbẹ́ ilé. Níbi owó oṣù, mo kọ ọ́ pé ó dọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀kùn. Níbi ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, mo kọ ọ́ pé Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Tíṣà ní mo ti ba ìwé ọ́fíìsì jẹ́, mo ní mo tún un ṣe ni.

Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́, kí n sì dáná sun ìkejì. Ìyá rẹ ni kò gbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi dá a lóhùn dáadáa. Àárọ̀ àná ló wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń fá pákó, ó ní ṣé mo mọ̀ pé ọmọ tó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé bí òun ṣe wo iwájú jìnnà tó, bàbá òun ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti ka bàbá rẹ̀ mọ́ òkú, ẹlòmíràn ló máa kọ. Mo kàn ń gbọn èérún pákó kúrò lára aṣọ mi, kò sí èérún kankan lára rẹ̀ mọ́, mo ṣì ń gbọ̀n ọ́n. Mo sunkún díẹ̀, má sọ fún àwọn àbúrò rẹ.

Mo ti fọwọ́ sí ìkejì. Àwọn méjèèjì ló wà nínú àpò yìí, awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́la ló máa gbé e, kò ní kọjá Tọ́sìdé. Fún àwọn ọ̀gá rẹ ní èyí tí wọ́n fẹ́, kí o fi èyí tí mo tún ṣe pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ, torí òun ni òótọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Owó ńlá inú fọ́ọ̀mù yẹn, n kò fẹ́ ẹ. Èyí tí mò ń fẹ́ kéré: owó ìṣó, owó òògùn orúnkún, àti owó fóònù kékeré kan kí a yé da Tíṣà láàmú. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì, obìnrin tó wà lójú fèrèsé wọn máa ń béèrè ẹ̀rí pé èmi ni mí, nígbà tí èmi gan-an dúró níwájú rẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá. Bí wọ́n bá ní ìsinmi olówó fún ọmọ tó fẹ́ wo ojú bàbá rẹ̀, gbà á.

Iṣẹ́ tí ò ń kọ́ yìí, wàá fẹ̀yìntì nínú rẹ̀ láyọ̀, wàá sì gba owó wọn títí tí àwọn tó ń san án á fi máa bi ara wọn pé ṣé màmá yìí ò ní lọ ni. Fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí yìí, kó pẹ́ nínú fáìlì wọn, kí eruku bò ó, kí eku fi ṣe ibùsùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí ìdí tí yóò fi ṣí i láé.

Èmi ni bàbá rẹ tí ìwọ yóò sin, ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí o.